Ìwọ̀ Tí Kì Í Bọ́

Ẹja ni mò ń tà. Fíríìsà ńlá méjì ló wà níwájú ilé wa ní Mayfair, Ifẹ̀, òkú Èkó, ẹja inú yìnyín, ló sì kún inú wọn bámúbámú. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó ní ẹja pípa lòun fẹ́ máa fi najú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Bàbá Ìmísí, ẹja wà nílé, ẹ ń wá a lọ sódò. Ṣé kí n bá yín dín owó rẹ̀ kù ni?" Ó ní n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tó máa ń wí nìyẹn nígbàkigbà tí mo bá sọ òótọ́.

Ọláwọlé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ilare ní Ifẹ̀ ni. Wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù yunifásítì ló ti ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ó ń gbẹ́ igi, ó ń tẹ irin. Bàbá rẹ̀ ṣe kúùkù fún òyìnbó olùkọ́ kan láyé àtijọ́. Nígbà tí bàbá náà kú, tí wọ́n ń tún àjà ilé Ilare ṣe, wọ́n rí agolo bísíkíìtì kan tí òyìnbó yẹn fi sílẹ̀. Ẹja kéékèèké tí wọ́n fi igi gbẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ìdẹ tí òyìnbó fi ń pẹja. Ikán ti jẹ wọ́n tán àfi ẹyọ kan.

Kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, páànù pẹlẹbẹ kan sì yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ bí ètè. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta kan rọ̀ lábẹ́ ikùn rẹ̀, òmíràn rọ̀ nídìí ìrù. Tí èèyàn bá so ó mọ́ okùn, tó jù ú sómi, tó wá ń fà á bọ̀, ètè yẹn á máa tì í sísàlẹ̀, á sì máa mi ìdí bí ẹja tí ara rẹ̀ kò dá. Ẹja ńlá á rò pé òun rí oúnjẹ.

Ọkọ mi fẹ́ràn nǹkan yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní òun máa gbẹ́ irú rẹ̀, kí òun lè mọ ohun tí ẹni tó ṣe é ń rò. Ó fi arère gbẹ́ ẹ, kò rì. Ó fi igi apá gbẹ́ ẹ, ó rì bí òkúta. Ó wá fi igi ahùn gbẹ́ ẹ, ó lu ihò sí i níkùn, ó ń yọ́ òjé sí i díẹ̀díẹ̀, inú báàfù tí mo fi ń wẹ̀ ló sì ti ń dán an wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo di tówẹ̀lì mọ́ àyà, mo wọ balùwẹ̀, mo bá ẹja igi mẹ́rin tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi mi. Mo pariwo. Ó sáré wọlé, ó ní kí n jọ̀ọ́ má da omi náà nù, nítorí èyí tó wà lápá ọ̀tún ti ń rì bó ṣe yẹ.

Ẹnì kejì rẹ̀ nínú wèrè yìí ni Lágúnjú. Ọmọ Modakeke ni Lágúnjú, awakọ̀ ni ní yunifásítì, ọdún kan náà ni wọ́n gba òun àti ọkọ mi síṣẹ́. Lásìkò tí ìlú méjèèjì ń bá ara wọn jà lórí ta ni onílé, ta ni àlejò, tí ọmọ Ifẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ Modakeke, tí ará Modakeke kò sì gbọdọ̀ dé Ilare, àwọn méjèèjì ń pàdé níbi iṣẹ́, wọ́n ń jẹun nínú abọ́ kan. Èébú ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ọkọ mi á ní, "Àlejò, o ò tíì palẹ̀ mọ́?" Lágúnjú á ní, "Onílé, lọ kọ́kọ́ fi páànù bo ilé ẹ." Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí wọn ó fi máa wúkọ́. Èmi kò fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ yẹn. Mo mọ àwọn tí kò lè fi í rẹ́rìn-ín ní ìlú méjèèjì.

Omi tí wọ́n ń lọ ni àdágún kan tí wọ́n fi dáàmù dí láyé ọjọ́un, lẹ́yìn àwọn oko. Wọn kò gé igi ibẹ̀ tán kí omi tó bò ó. Kùkùté àti gbòǹgbò kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi pé apẹja kankan kì í fa àwọ̀n níbẹ̀, nítorí yóò ya. Ẹja ńlá sì máa ń fẹ́ràn irú ibẹ̀. Gbogbo Sátidé ni àwọn àgbà méjì yìí ń gbé ọ̀pá ìwọ̀, ìrẹsì àti ẹnu wọn lọ síbẹ̀.

Èyí tí ọkọ mi kọ́kọ́ ṣe dáadáa, bí ti òyìnbó gẹ́lẹ́ ló ṣe é. Ìṣó kékeré olórí róbótó ni òyìnbó fi kọ́ ìwọ̀ mọ́ igi, ìṣó náà kò sì wọnú igi ju gígùn èékánná lọ. Ní Sátidé kan, ẹja kan tí wọn kò rí ojú rẹ̀ gbé e, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀ fà yọ, ẹja lọ. Ọkọ mi délé, inú ń bí i bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ó ní, "Iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyí. Ta ló ń kan nǹkan tó máa bọ́?"

Lágúnjú wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú fíríìsà mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Wọlé, bóyá ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ni. Tó bá há sábẹ́ omi, ìwọ̀ á bọ́, ẹja igi ẹ á padà wá bá ẹ. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ mọ kí ni? Mo fẹ́ improve ẹ̀ ni."

Ó wá wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà, ó tẹ̀ ẹ́ láti ẹnu ẹja igi náà gba inú ikùn rẹ̀ lọ sí ìrù, ó so ìwọ̀ méjèèjì mọ́ wáyà náà. Bí igi tiẹ̀ fọ́, ìwọ̀ kò lè lọ síbì kan. Ó fi í kọ́ búlọ́ọ̀kù kan rọ̀ sórí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, búlọ́ọ̀kù náà sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó wá fà mí lọ́wọ́ kúrò nídìí ọjà mi kí n wá wò ó. Mo ní, "Ó dáa o. Ṣé erinmi lẹ fẹ́ fi pa?" Ó dùn mọ́ ọn nínú débi pé kò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

Nígbà tí Lágúnjú dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi gbé ẹja igi tuntun náà lé e lọ́wọ́. Àwọ̀ ewé ni, ó ń dán. Ó ní, "Àlejò, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹyọ kan péré ni mo tíì rí ṣe o. Tó o bá sọ ọ́ nù, má padà wálé."

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, tó fi mọ́ èmi náà. Bí a ṣe ń bá ara wa ṣeré nìyẹn. Lágúnjú ní, "Tí mi ò bá padà wálé, ta ni ìwọ ọmọ Ifẹ̀ máa rí bú?" Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Ọkọ mi nìkan ló padà.

Bó ṣe sọ ọ́ fún èmi àti ọlọ́pàá nìyí, kò sì yí i padà rí. Ebi ń pa wọ́n. Ó lọ gbé ìrẹsì nínú mọ́tò tí wọ́n gbé sójú títì, ọ̀nà náà sì jìn díẹ̀ gba inú oko. Nígbà tó dé etí omi padà, ó bá bàtà Lágúnjú, fìlà rẹ̀ àti ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Okùn ọ̀pá náà ti já. Ó pè é. Ó rò pé ó lọ tọ̀ nínú igbó ni, ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìgbà tó pè é títí tí kò dáhùn ló tó wo omi. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Lágúnjú ló mọ̀ ọ́n wẹ̀, láti kékeré ló ti ń wẹ odò. Ọkọ mi wọ inú omi títí ó fi kàn án láyà, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀, àwọn tó ń ro oko nítòsí ló fà á jáde.

Òjò ńlá rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Omi kún, ó sì dọ̀tí. Wọ́n mú apẹja kan tó ń jẹ́ Abdulwahab wá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ó fa àwọ̀n, àwọ̀n ya. Ó mòòkùn, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí a fọkàn balẹ̀, ọjọ́ kẹta ni òkú omi máa ń léfòó fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta pé, kò léfòó. Ọjọ́ kẹrin, kò léfòó. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Gbogbo ẹni tó ń gbé nítòsí omi ló mọ̀ pé òkú kì í pẹ́ nísàlẹ̀. Tí kò bá léfòó, a jẹ́ pé kò sí nínú omi. Tí kò bá sí nínú omi, níbo ló wà? Ẹnì kan sọ̀rọ̀ sórí WhatsApp pé ọmọ Ifẹ̀ kan mú ará Modakeke lọ sínú igbó, òun nìkan ló dá padà. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí èmi náà. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì rántí pé àwọn ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ báyìí ló jó ilé nígbà kan.

Àwọn ọlọ́pàá pe ọkọ mi. Wọ́n bi í ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ní kó máa lọ, kó padà wá. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Oyèkúnlé, àbúrò Lágúnjú, kó àwọn ọkùnrin wá síwájú ilé wa. Mo mọ Oyèkúnlé. Ó ti ra ẹja lọ́wọ́ mi rí. Kò kí mi.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Wọlé, ìjà kọ́ la bá wá. Ẹ ṣáà sọ ibi tẹ́ ẹ gbé e sí fún wa, ká lọ sin ín."

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ibi tí wọ́n gbé e sí bíi báwo? Ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n fẹ́ gbé pamọ́? Oyèkúnlé, o jẹun nínú ilé yìí o!"

Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹkún ló pọ́n ọn. Ó ní, "Mọ̀mí, òkú wo ni kì í léfòó? Ẹ̀yin náà ẹ dá mi lóhùn."

Oyèkúnlé fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Àwa ọmọ ìyá ẹ̀ la ṣì ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n mú sùúrù. Tó bá di ọ̀la tá ò rí i, ọ̀rọ̀ á ju tiwa lọ." Kò halẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ohun tó sì já mi láyà jù nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ, ọkọ mi wọ ẹ̀yìn ilé, ó gbé pákó igi apá kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Mo dúró lé e lórí, mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, mo wá rí ohun tó ń gbẹ́. Ẹja ni, ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọwọ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ fi wá a ni. Omi yẹn ò gba àwọ̀n. Èyí á gba àárín kùkùté kọjá, ètè ẹ̀ á máa tì í sísàlẹ̀. Ìyá Ìmísí, bá mi di ìdí ẹ̀ mú."

Mo dì í mú. Ó lu ihò, ó da òjé sí i, ó fi irin pẹlẹbẹ ara ìlẹ̀kùn ṣe ètè fún un, ó tẹ wáyà kílọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀, ó so ìwọ̀ ńláńlá mọ́ ọn, irú èyí tí alápatà fi ń kọ́ ẹran. Kò kùn ún. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ rí i, ẹ̀rù sì ń bà mí kó rí i. N kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, èèyàn kún etí omi. Àwọn ará Modakeke wà lápá kan, àwọn ìbátan ọkọ mi láti Ilare wà lápá kejì, ọlọ́pàá méjì dúró sáàárín. Àyọ̀kẹ́, ìyàwó Lágúnjú, jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi. Mo lọ jókòó tì í. Kò lé mi, kò sì wojú mi.

Abdulwahab ń tu ọkọ̀, ọkọ mi jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ju ẹja igi ńlá náà, ó ń fà á bọ̀. Ewéko ló kọ́kọ́ gbé wá. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì wá, obìnrin kan ti ké kí a tó rí ohun tó jẹ́. Oòrùn ràn sí wa lórí. Wọ́n ti dé ibi tí kùkùté ti pọ̀ jù, ó jìn sí ibi tí bàtà Lágúnjú wà, nígbà tí okùn náà le lójijì. Ọkọ mi fà á. Ó rọ̀ díẹ̀, ó tún le. Ó dáwọ́ dúró. Láti orí ẹní tí mo wà, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ti mọ̀.

Abdulwahab mòòkùn wọ omi. Ó yọrí, ó ní, "Ó wà níbẹ̀. Nǹkan dì í mú." Ó gba àdá, ó tún mòòkùn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbé e jáde.

Ojú mi ti mọ òkú ẹja, n kò mọ̀ pé ó lè wúlò fún mi láti fi wo òkú èèyàn láìyíjú. Àwọn tó kù yíjú. Èmi wò ó. Gbòǹgbò igi kan tí Abdulwahab fi àdá gé tẹ̀ lé Lágúnjú jáde. Láàárín gbòǹgbò náà àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ẹja igi aláwọ̀ ewé wà, ó ṣì ń dán. Ìwọ̀ ìrù rẹ̀ rì sínú gbòǹgbò. Ìwọ̀ ikùn rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ Lágúnjú. Okùn ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wẹ̀ lọ yọ ẹja igi ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìwọ̀ sì gbé e. Ó fà á. Kò bọ́.

Oyèkúnlé wólẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ọkọ mi nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ forí jì mí. Ẹ forí jì mí." Àgbà kan nínú ẹbí wọn ní, "Gbòǹgbò ló dì í mú. Omi ló pa á. Ọ̀rọ̀ parí." Àwọn ọlọ́pàá náà mi orí. Mo rí i tí ara gbogbo èèyàn rọlẹ̀ lápá méjèèjì. Ọlọ́run ló mọ̀ bí ọkàn mi ṣe fúyẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ ti parí lóòótọ́, àfi kí ẹnì kan má lanu.

Mo rí i pé ọkọ mi fẹ́ lanu. Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìmísí, ẹ dákẹ́."

Ó ní, "Kì í ṣe gbòǹgbò. Èmi ni mo ṣe nǹkan yìí. Wọ́n ń ṣe é kí ìwọ̀ ẹ̀ máa bọ́, èmi ní kò gbọdọ̀ bọ́. Ká ní ìwọ̀ bọ́ lára ẹja igi ni, ì bá rí ọwọ́ ẹ̀ gbà, ì bá jáde."

Oyèkúnlé dìde nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹrẹ̀ wà láyà rẹ̀. Ó ń wo ọkọ mi bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kó gbá a mú tàbí kó lù ú. Àyọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ti dìde lórí ẹní.

Ó ní, "Ẹ yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó mú ẹ̀mú jáde lápò. Ó fi gé wáyà, ẹ̀mú yọ̀. Ó gbìyànjú láti fa ìwọ̀ náà padà, ọwọ́ ti wú, ìwọ̀ náà sì lẹ́gùn-ún tó ń dì í mú sẹ́yìn. Ó ń yí i, ó ń fà á, ọwọ́ Lágúnjú ń mì bí ẹni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkọ mi ń sunkún sókè bí ọmọdé, n kò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn rí lẹ́nu rẹ̀. Kò rí i yọ.

Àyọ̀kẹ́ ní, "Ó tó. Ẹ fi sílẹ̀. Ó ti jìyà tó."

Wọn kì í gbé ẹni tí omi pa wọlé. Etí omi níbẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú ẹja igi náà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bu erùpẹ̀ bò ó tán, tí a fẹ́ máa lọ, Àyọ̀kẹ́ rìn wá bá wa. Kò pariwo. Ojú rẹ̀ gbẹ.

Ó ní, "Bàbá Ìmísí, ó sọ fún mi nílé pé ìwọ̀ èyí àkọ́kọ́ máa ń bọ́. Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun sì ti sọ fún yín. Kí ló ṣe é tẹ́ ẹ ò fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?"

Àyọ̀kẹ́ dúró de ọkọ mi, kó dá a lóhùn. Nígbà tí kò dáhùn, ó yíjú padà lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀.

Kò sí ẹni tó jó ilé ẹnikẹ́ni. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àwọn oníbàárà mi láti Modakeke kò wá mọ́, n kò sì lè bá wọn wí. Ọkọ mi dáná sun gbogbo ẹja igi tó gbẹ́, ó ku ti inú agolo bísíkíìtì nìkan.

Lọ́sàn-án àná, mo gbé oúnjẹ lọ bá a lábẹ́ igi máńgòrò. Ó mú ẹja òyìnbó náà lọ́wọ́. Ó fi ìka méjì fa ìwọ̀ abẹ́ ikùn rẹ̀, ìṣó náà fà yọ. Ó fi í padà sínú ihò rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tún fà á. Ó fà yọ.

Mo ní, "Bàbá Ìmísí, oúnjẹ ń tutù."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá Ìmísí, wò ó. Wo bó ṣe ń bọ́." Ó sì tún fi í padà.